Ohùn Tó Ń Pe Akin

Ní ọ́fíìsì kan ní Alágbàká lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń retí kí wọ́n tẹ ìwé kan fún mi, ni iná bá lọ. Iná lílọ kì í ṣe ìròyìn ní Àkúrẹ́, kò sẹ́ni tó gbé orí sókè. Àfi àpótí dúdú kan lábẹ́ tábìlì akọ̀wé, tó ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ké: píì, píì, píì. UPS àtijọ́ ni, irú èyí tí mo rò pé gbogbo wọn ti kú tán láyé. Ọmọbìnrin akọ̀wé náà ní, "Ẹ má bínú, mà, ẹ jẹ́ kí n tètè fi iṣẹ́ yín pamọ́ kó tó kú." Mo gbọ́ ọ, mo tiẹ̀ mi orí sí i, ṣùgbọ́n gbogbo irun ara mi ti dìde. Ọwọ́ ọ̀tún mi ti nà jáde lórí itan mi, ó ń wá máòsì tí kò sí níbẹ̀.

Ó lè má yé ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí. Fóònù yín ní bátìrì, kọ̀ǹpútà yín ní bátìrì, iná tó lọ kò kàn yín. Nígbà tiwa, bí iná bá ti lọ, kọ̀ǹpútà kú nìyẹn, pẹ̀lú gbogbo ohun tí o kò tíì tọ́jú nínú rẹ̀. Ilé tó bá rí jájẹ ló ń ra UPS, tí í fún kọ̀ǹpútà láyè láti mí díẹ̀ sí i. Igbe yẹn ló fi ń sọ fún ọ pé ohunkóhun tí o bá fẹ́ ṣe, kí o tètè ṣe é. Ilé kan ní Ìjàpọ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, nílé ọ̀rẹ́ mi Akin, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí nítorí pé ọjọ́ orí mi ti dé ibi tí èèyàn ti ń bẹ̀rù ìgbàgbé.

Akínfọlárìn ni orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà kíláàsì wa. Ọmọ Oǹdó ni, iṣẹ́ ìjọba tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ló gbé wọn wá sí Àkúrẹ́. Ó tínínrín, orí rẹ̀ tóbi, ẹyinjú rẹ̀ kì í funfun dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá rẹ́rìn-ín, gbogbo ara ló fi ń rín in. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Lónìí, egungun rẹ̀ ń ro ó, wọ́n ti gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Lọ́la, ó ti padà sẹ́yìn kíláàsì, ó ń fi irun dídì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọ méjì ló ṣáájú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ti lọ kí wọ́n tó bí i. Nínú ilé yẹn, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ wọn, fọ́tò wọn kò sì sí lára ògiri. Akin fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ará ilé ẹlòmíràn.

Ìsìkàn ni ilé bàbá tèmi, agbo ilé ńlá tí ariwo kì í tán níbẹ̀, tí ìyá bàbá mi á dúró lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́, tí á ké pe gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ wá s'ulé o!" Ìjàpọ̀ ní tirẹ̀ máa ń dákẹ́ rọ́rọ́. Ògiri gíga, géètì, òdòdó, ajá tí o kò ní rí àfi ohùn rẹ̀. Ọlúdé gígùn ọdún yẹn, bàbá mi gbà kí n máa lọ sọ́dọ̀ Akin nítorí pé bàbá Akin jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò sì sí ohun burúkú tó lè ṣẹlẹ̀ nílé díákónì. Èrò bàbá mi nìyẹn.

Géèmù kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Kì í ṣe ti sísáré mọ́tò, kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Ayé kan ni, odidi. O máa jí létí ọ̀nà láìwọ bàtà, wọn á bi ọ́ ní orúkọ rẹ, lẹ́yìn náà kò sẹ́ni tí yóò sọ ibi tí o máa gbà fún ọ. Bí o bá rí òkè lọ́ọ̀ọ́kán, o lè rìn títí o fi máa dé orí rẹ̀. Bí o bá rí ilé, o lè kanlẹ̀kùn. Àwa ọmọ tí wọn kì í jẹ́ kí á dá sọdá títì, wọ́n fún wa ní odidi ilẹ̀ kan láti máa rìn káàkiri. A sì sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ bó ṣe wù wá. Òkè tó ní àtẹ̀gùn òkúta la pè ní Ìdànrè. Ibi tó kún fún omi la pè ní Òkìtìpupa. Ọjà tí wọ́n ti máa ń rẹ́ wa jẹ la pè ní Arákálẹ̀, kí àwọn ará Arákálẹ̀ má bínú sí wa.

Bó ṣe di pé kí a ṣe ojú fún ọkùnrin tí yóò máa rìn fún wa, a pa á láwọ̀ dà kó dúdú, imú rẹ̀ kọ̀, kò fẹ̀, a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà la rí ibi tí wọ́n ti ń fi àpá sójú. Akin yan ìlà gbọọrọ kan sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó yan ọ̀kan sí ti òsì, irú èyí tó wà lójú ìyá bàbá rẹ̀. Màmá Oǹdó là ń pe ìyá yẹn, òun náà a sì máa pè mí ní ìyàwó Akin. Ó fi ilé àti oko kòkó rẹ̀ sílẹ̀ ní Oǹdó láti wá tọ́jú ọmọ ọmọ rẹ̀, ó sì máa ń jókòó lẹ́yìn wa ní pálọ̀, á máa bó ẹ̀gúsí. Ó sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà tòun ti dígí ojú rẹ̀.

"Ọmọ Oǹdó nìyí," ló wí. "Ta ló kọ ọ́ nílà?"

"Kọ̀ǹpútà ni, Màmá."

"Ọwọ́ rẹ̀ dáa." Ó padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.

A tẹ Akin fún un gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Akin inú kọ̀ǹpútà máa ń kú lemọ́lemọ́. Ìkookò á pa á, olè á pa á, ó ti já láti orí Ìdànrè rí nítorí pé èmi ni mo ń darí rẹ̀. A kàn máa ń padà síbi tí a ti tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn ni, á sì dìde láìlápá. "Èmi àti ẹ̀, ìdílé kan náà ni wá," ni Akin wí lọ́jọ́ kan, "fòníkú-fọ̀ladìde." Màmá ò rẹ́rìn-ín. Èmi rín ẹ̀rín títí, ọmọdé ni mí, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ.

Àárín ọlúdé ni àbúrò bàbá rẹ̀ dé láti Èkó, ó sì mú sídì kan wá nínú bébà funfun. Àdàkọ ni, kò ní àwòrán, ẹnì kan kàn fi báírò kọ nọ́ńbà eéjì gàdàgbà sí i lára. Ó ní ilẹ̀ tuntun ló wà nínú rẹ̀, tí àwọn tó ṣe géèmù náà ṣe lẹ́yìn, tí wọ́n fi kún ti àkọ́kọ́. Pé òdìkejì omi ló wà, pé ó tóbi gan-an. Kí ló wà níbẹ̀? Bùọ̀dá ò mọ̀. Kò sì sí íńtánẹ́ẹ̀tì nílé wọn tí a lè wò. Láti ọjọ́ yẹn ni Akin ò ti fẹ́ ohun méjì mọ́. Oṣù yẹn le fún un, ìrora ń dé ní ìdákúrekú, àwọn òbí rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́ pé wọ́n á mú un lọ sí Oǹdó, nítorí àǹtí rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì níbẹ̀. "Mo fẹ́ rí i kí wọ́n tó gbé mi lọ," ló wí fún mi. "Kí n ṣáà rí i."

A kó sídì náà sínú kọ̀ǹpútà, a wọlé, kò sí ohun tó yí padà. A rò pé bùọ̀dá ti ra ayédèrú. Ìgbà tí a gun afárá òkúta tó wà lẹ́yìn Arákálẹ̀ ni atẹ́gùn inú géèmù náà dákẹ́. Ohùn obìnrin kan jáde, ó rọ̀, ó jìnnà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ hàn nísàlẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà, nǹkan méjì ni wọ́n fi sílẹ̀ fún wa láti yàn: kí a jẹ́, tàbí kí a dákẹ́.

"Kí ni ẹni yẹn wí?" Màmá ló béèrè lẹ́yìn wa.

Akin túmọ̀ rẹ̀ láìronú. "Ó ní, Akin, máa bọ̀ létí odò, a ti ń retí rẹ."

Ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Mo yíjú padà, mo rí i pé Màmá ti dìde.

"Ta ló pè ọ́? Ṣé o rí i?"

"Rárá, Màmá, kò sẹ́nì kankan."

"Ẹ má jẹ́ o! Ẹ̀yin méjèèjì, ṣé ẹ gbọ́? Ẹ má jẹ́ ẹ láéláé!"

Ta ni nínú wa tí wọn ò kọ́ ní èyí? Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, má jẹ́. Dìde, jáde síta, wo ojú ẹni tó pè ọ́ kí o tó dáhùn. Ní Ìsìkàn, a ti gbọ́ ọ títí ó fi sú wa. Ṣùgbọ́n bí Màmá ṣe sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn yàtọ̀. Ohùn obìnrin, láti etí odò, tó mọ orúkọ ọmọ kan ṣoṣo tó kù nínú ilé, tó sì ní "a ti ń retí rẹ", tí kò ní "mo". Àwọn tó ń retí ọmọ náà pọ̀ nìyẹn, Màmá sì rò pé òun mọ̀ wọ́n. Ó mú kí a ṣèlérí níkọ̀ọ̀kan, ojú wa sì wà nínú ojú rẹ̀. Nígbà tí bàbá Akin dé ní ìrọ̀lẹ́ tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ lásán ni, Màmá, kò mọ ẹnikẹ́ni. Bó ti ń wọ yàrá lọ ló yíjú padà sí wa, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣáà má jẹ́ ẹ."

Bí a ṣe di ẹni tó ń dákẹ́ nìyẹn. Ohùn náà á pè, a ó yan ìdákẹ́, atẹ́gùn á tún máa fẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ìpè yẹn gan-an ni ilẹ̀kùn. Mo gbà pé níbi gbogbo tí wọ́n ti ta sídì yẹn, àwọn ọmọ gbọ́ ohùn náà, wọ́n jẹ́, wọ́n sì kọjá. Àwa tó jẹ́ ọmọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó la dúró sórí afárá, ẹnu wa dí pa nítorí ẹ̀kọ́ ilé.

Dípò bẹ́ẹ̀, a wá ọ̀nà mìíràn. A fi gbogbo ọlúdé wá a. A rin etí omi láti Òkìtìpupa wa dé ibi tí ilẹ̀ ti tán. A wọ ihò àpáta, a wo ẹ̀yìn gbogbo omi tó ń dà láti orí òkè, a kan gbogbo ilẹ̀kùn. A wẹ odò títí géèmù náà fi sọ pé a ò lè kọjá ibẹ̀, a sì wà nínú omi yẹn, à ń wo òréré tó ṣófo, Akin ní ó dá òun lójú pé òun ń rí nǹkan kan lọ́ọ̀ọ́kán. Bí iná bá lọ, tí UPS ké, èmi ni mo máa ń sáré tọ́jú ibi tí a dé, nítorí ìka rẹ̀ máa ń wú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rù nìkan. A rí àǹfààní nínú rẹ̀. Bí Màmá bá pe Akin láti ilé ìdáná pé kó wá gbé àwo, a ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Màmá á pè, á tún pè, á wá wọ́ ẹsẹ̀ dé pálọ̀ pẹ̀lú ìbínú. "Ṣé etí yín di ni?" Akin á ní, "Màmá, a ò rí ẹni tó ń pè ni." Ìyá náà á dúró, á wò wá, kò ní mọ bóyá kí òun nà wá tàbí kí òun dúpẹ́.

Kí ọlúdé tó parí, wọ́n gbé Akin lọ sí Oǹdó. Kọ̀ǹpútà náà bá a lọ, bàbá rẹ̀ kò lè kọ ohunkóhun fún un nígbà yẹn. Mo bẹ bàbá mi títí ó fi mú mi lọ kí i. Gbogbo ojú títì ládùúgbò wọn ni wọ́n sá kòkó sí, òórùn kíkan rẹ̀ bá wa wọ yàrá tí Akin wà. Ó ti gbẹ. Kọ̀ǹpútà wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, wọ́n fi aṣọ bò ó. Nígbà tí Màmá jáde lọ bá bàbá mi sọ̀rọ̀, Akin fi ọwọ́ pè mí mọ́ra.

"Mo jẹ́ ẹ," ló wí.

Mo bi í kí ló rí.

Ó ní ilẹ̀ náà dára. Ilé tó wà níbẹ̀ kọjú sómi, gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó tilẹ̀kùn. Igi gúáfà wà létí omi, èso rẹ̀ wálẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọmọdé lè ká a láìnaga. Ọmọ méjì ló ń ṣeré níbẹ̀, wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì fi gúáfà lọ̀ ọ́. Ó ní wọ́n bi òun pé ìyàwó òun ńkọ́, òun sì sọ fún wọn pé ilé ìwé ò tíì gbà mí láyè. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò dé ara rẹ̀ mọ́. "Má sọ fún Màmá," ló wí. Mo fẹ́ wò ó fúnra mi, ṣùgbọ́n iná ò sí ní Oǹdó lọ́jọ́ yẹn. Àǹtí nọ́ọ̀sì wọlé, ó ní kí n jẹ́ kó sinmi.

A ò tíì wọlé sáà tuntun nígbà tí ìròyìn dé. Wọn ò mú ọmọdé lọ síbi ìsìnkú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ gan-an ò dé ibẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìyá mi mú mi lọ kí wọn. Màmá Oǹdó jókòó sórí ilẹ̀, àwọn obìnrin yí i ká. Nígbà tó rí mi, ó ní kí wọ́n fi wá sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

"Ìyàwó mi, ìwọ lo mọ inú rẹ̀. Má purọ́ fún mi. Ṣé Akin jẹ́?"

Ọmọdé ni mí, ẹ̀rù sì ń bà mí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé ìyókù ayé ìyá yìí wà lórí ohun tó máa jáde lẹ́nu mi. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, a jẹ́ pé wọ́n pè é, ó jẹ́, ó sì tẹ̀ lé wọn. A jẹ́ pé òun Màmá ò ṣọ́ ọ tó.

"Rárá, Màmá. Kò jẹ́."

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Mo mọ̀. Ọmọ mi gbọ́ràn." Ó sunkún lẹ́yìn ìyẹn, ẹkún ìyá tó ń sunkún àìsàn, tí kò sunkún nǹkan mìíràn. Títí tó fi gbó tó sì lọ, ó máa ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn pé wọ́n pe ọmọ òun, kò jẹ́, àìsàn ló gbà á lọ́wọ́ òun. N kò kábàámọ̀ ohun tí mo sọ fún un. Ṣùgbọ́n mo gbé òtítọ́ tí mo rò pé mo mọ̀ káàkiri fún ohun tó lé lógún ọdún, ó sì wúwo.

Lọ́jọ́ tí mo kúrò ní ọ́fíìsì yẹn, mo wá géèmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó wà níbẹ̀ o. Wọ́n ti so ti àkọ́kọ́ àti ìkejì pọ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn àgbààgbà bíi tèmi. Ọ̀sán gangan ni mo jókòó tì í, mo ṣí fèrèsé sílẹ̀. Mo kọ ọkùnrin náà nílà Oǹdó, mo tẹ Akin. Mo mọ ọ̀nà afárá láìbéèrè. Atẹ́gùn dákẹ́, obìnrin yẹn pè é, ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá. Ìka mi dúró pẹ́ kí n tó sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," mo sì jẹ́.

Ọkọ̀ ojú omi kan gbé e lọ. Òkúta ni ilẹ̀ náà, òkúta àti kùrukùru, àti àwọn jagunjagun onírin tó ń rìn kiri láìsọ̀rọ̀. Mo rin gbogbo etí omi rẹ̀. Kò sí igi gúáfà. Kò sí ilé tó kọjú sómi. Ó wá di pé kí n máa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ géèmù náà dunjú, àwọn èèyàn tí n kò rí rí, wọ́n sì fèsì láti ibi gbogbo láyé: kò sí ọmọdé kankan ní ilẹ̀ yẹn, kò fìgbà kan sí.

A jẹ́ pé Akin ò jẹ́ ìpè inú kọ̀ǹpútà náà. Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Ohun tí mo rò pé irọ́ ni mo fi tu Màmá nínú, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Inú mi dùn, mo dìde, mo tiẹ̀ jó díẹ̀ ní pálọ̀ mi. Ìgbà tí mo jókòó padà ni mo wá bi ara mi léèrè ibi tí ó ti rí àwọn ọmọ méjì yẹn.

Mo mọ ohun tí àwọn dókítà yóò sọ nípa ibà àti oògùn ìrora, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ayé ti yí padà. Láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni gbogbo wa ń jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Fóònù á dún, a ó ní hẹ́lò kí a tó mọ ẹni náà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá pè mí láti yàrá mìíràn nínú ilé mi, mo máa ń dákẹ́ títí onítọ̀hún yóò fi wá dúró síwájú mi. Ó máa ń bí ọkọ mi nínú. Àwọn ọmọ mi ti gbà á bẹ́ẹ̀, àwọn náà kì í sì í jẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo yọ kúrò nínú òfin yẹn. Bó bá jẹ́ ohùn Akin ni mo gbọ́, n kò ní wo ẹ̀yìn, n kò ní béèrè ibi tó wà. N ó jẹ́.